Bí mo ṣe ń ka ìpín tó gòkè àtèyí tó wálẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù mi n'Íléṣà

Oṣù January 2024 ni mo fi owó aṣọ ra ìpín báńkì. Oṣù yẹn ni All-Share Index, atọ́ka gbogbogbòò ọjà ìpín ìdókòwò wa, kọjá 100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí ọjà Atákúnmọ́sà tí kò sọ ọ́. Àwọn tí kò ra ṣíà rí láyé wọn ń bi mí pé, "Ẹ ti ra tiyín, àbí?" Mo bá rà. Nígbà tó fi máa di oṣù April, n kì í fẹ́ ṣí fóònù mi wo iye tó kù mọ́.

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Ìjẹ̀ṣà bíi tèmi mọ ohun tí mò ń wí: á ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú, tọ́jọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde títí owó á fi jáde. Èmi wá ń ro ó lóru, ta ni kí n lọ lóṣòó tì? Kò sẹ́ni tó jẹ mí lówó. Èmi fúnra mi ni mo rà á nígbà tó ti gbówó lórí jù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní OAU, n'Ílé-Ifẹ̀, ló wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Lọ́jọ́ tí ẹ ń rà á, ìpín mélòó ló ń gòkè, mélòó ló ń wálẹ̀?" Mo ní atọ́ka ń gòkè, kí ló tún kù? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ilé iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ló ṣe ń fa atọ́ka yẹn tó. Bí Dangote Cement tàbí Airtel Africa bá fò sókè ní 10%, tí í ṣe ibi tí òfin gba ìpín láyè láti gòkè dé lóòjọ́, atọ́ka lè tẹ̀lé e bí ọ̀pọ̀ ìpín yòókù tilẹ̀ ń jábọ́.

Ohun tó sọ kò ṣàjèjì sí mi. Ṣebí ọjà la wà. Ọlọ́jà kan lè gba àlejò ìgbéyàwó, kí gbogbo ìlà yẹn máa dún, kí ogún ọlọ́jà yòókù sì jókòó máa lé eṣinṣin. Ẹni tó ń kọjá lọ á ní ọjà tà. Kíka iye ẹni tó tà gan-an ni wọ́n ń pè ní market breadth. Fífẹ̀ ọjà ni èmi ń pè é.

Mo ra ìwé fúlusikáàpù. Lójoojúmọ́ tí ọjà ìpín bá ti pa l'Ékòó, màá kọ iye ìpín tó gòkè àti iye tó wálẹ̀, màá yọ ìkejì kúrò nínú èkíní, màá sì rò ó mọ́ àròpọ̀ àná. Ká ní 38 gòkè, 21 wálẹ̀: mo ní 17. Lọ́jọ́ kejì 12 gòkè, 40 wálẹ̀: ìyẹn dín 28, àròpọ̀ mi di dín 11. Iṣẹ́ yìí ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí atọ́ka bá ń gòkè tí àròpọ̀ mi ń wálẹ̀, mo mọ̀ pé ẹni díẹ̀ ló ń gbé ẹrù náà.

Èyí tó gba agbára ni ọ̀nà ìṣirò kejì. Mo mú ìpín 30 tí wọ́n ń tà tí wọ́n ń rà lójoojúmọ́, torí ọ̀pọ̀ nínú ìpín ọjà wa lè wà lójú kan náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìmira, irú wọn á sì ba ìṣirò jẹ́. Mo wá àròpín iye owó ọjọ́ 50 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yẹn bá mi fi sínú Excel, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò bá ṣì wà lórí ìpín kẹrin. Tí mẹ́rìnlélógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà lókè àròpín wọn, ìyẹn 80%, wọ́n ti ra ọjà jù nìyẹn, ó ti lè gbówó lórí jù. Tó bá jẹ́ mẹ́fà péré, wọ́n ti tà á jù.

Ọ̀nà ìṣirò kẹta ló kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan, Sherman àti Marian McClellan, ló gbé e jáde ní 1969. Wọ́n máa ń mú iye tó gòkè tí a ti yọ iye tó wálẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á wá àròpín méjì fún un: nínú ọ̀kan, 10% iye ti òní àti 90% àròpín ti àná, nínú èkejì, 5% àti 95%. Wọ́n á yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Bó bá kọjá 100, àràjù. Bó bá lọ sísàlẹ̀ dín 100, àtàjù. Mo ṣe é fún oṣù mẹ́ta, kò kan 100 rí. Mo ń dunnú pé ọjà wa fara balẹ̀. Àṣé New York ni wọ́n ṣe òdiwọ̀n yẹn fún, níbi tí ìpín ti lé ní 2,000! Tiwa ò ju nǹkan bí 150 lọ. Níbo ni 100 ti fẹ́ jáde? Ohun tó tún un ṣe ni pé kí n kọ́kọ́ pín in: 17 yẹn sí 59, ìyẹn 38 àti 21 pa pọ̀, kí n sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000, ó di 288. Ìgbà yẹn ni iye náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mira.

Mo wá padà sí iye owó January 2024, mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn. Inú bí mi díẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú 30 mi ti wà lókè kí n tó sanwó. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́: ẹni tó bá tà lọ́jọ́ kìíní tí àràjù hàn, ó jáde yá jù, torí ọjà ṣì gòkè sí i lẹ́yìn ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í tà torí ó ga lásán. Mo máa ń dúró kí iye yẹn yíjú padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni rírà. Lánàá, mẹ́fà nínú 30 ló wà lókè àròpín. Ọkọ mi ní ṣé àkókò ti tó. Mo ní ó di ìgbà tó bá padà dé mẹ́sàn-án kí n tó pe alágbàtà mi. Owó náà ṣì wà nínú àkáǹtì, mi ò tíì fi ra léèsì.