Bí mo ṣe gba owó NHF mi padà, tí Ọjọ́bọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fi yọ owó NHF (National Housing Fund, àpò ìjọba tí òṣìṣẹ́ ń dá owó sí kó lè ní ilé tirẹ̀) lára owó oṣù mi, síbẹ̀ inú ilé onílé ni mo wà títí dòní. Ohun tó ru mí sókè ni lẹ́tà tí onílé wa kọ sí wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Yàrá méjì tí à ń san ₦180,000 fún lọ́dún ti di ₦350,000, ó ní bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn ká kẹ́rù wa. Mo ní kí n wo ibòmíràn. Ajẹ́ntì mú mi lọ síbi kan ní Àpáta, n'Íbàdàn, tí kò sàn ju tiwa lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: owó ilé lọ́tọ̀, àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀, kọ́míṣọ́ọ̀nù lọ́tọ̀, kọ́ṣọ̀n lọ́tọ̀. Inú máíkírà tí mo wọ̀ padà sílé ni mo ti rántí pásíbúùkù NHF mi tó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ.

Ọdún 1992 ni ìjọba ológun ṣe òfin NHF: kí wọ́n máa yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́ lóṣooṣù, kí òṣìṣẹ́ lè yá owó kọ́lé níbẹ̀. Ọdún kan ṣáájú, ìjọba ti gbé ètò jáde pé kí ọdún 2000 tó pé, gbogbo ọmọ Nàìjíríà á ti ní ilé tó bójú mu láti gbé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa gbà á gbọ́ nígbà yẹn.

Èmi náà sáré ẹ̀yáwó yẹn ní 2008. Èlé ìdá mẹ́fà péré ni, báńkì wo ló máa fún mi nírú ẹ̀? A ní ilẹ̀, a sì ní rìsíìtì tí mọ̀lẹ́bí tó tà á fún wa kọ. Wọ́n ní rìsíìtì kò tó, C of O, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé ẹnì kan ló ni ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ni ká mú wá. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti kó ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ẹni tí kò bá sì ní ìwé ìjọba lórí ilẹ̀ rẹ̀ kò lè fi í dúró fún ẹ̀yáwó. Nígbà tí mo ṣírò ohun tí ìwé yẹn máa ná wa, mo rí i pé ẹni tó bá lówó ìwé yẹn lọ́wọ́ kò nílò kó yáwó kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. A ta ilẹ̀ náà, a fi san owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn wa.

Òfin NHF yẹn náà ló ní tí o bá pé ọgọ́ta ọdún, kí wọ́n dá owó rẹ padà fún ọ pẹ̀lú èlé díẹ̀. Mo ti pé e ní 2021. Fọ́ọ̀mù, fótókọ́pì, nọ́ńbà àkáǹtì, ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ìwé ìrìnnà rí mọ bó ṣe ń lọ. Orúkọ ilé bàbá mi ló wà nínú pásíbúùkù, mo búra ní kóòtù lọ́jọ́ kan, ó parí.

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń dá owó NHF padà, ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló yí ojú rẹ̀ sí mi. “Mà, ẹ wò ó. Láti oṣù kìíní 2010 títí dé ìparí 2014, kò sí nǹkan kan lórúkọ yín.” Ọdún márùn-ún! Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi, Ọlọ́run bù kún un. Tí ilé iṣẹ́ bá san owó, ó yẹ kí wọ́n fi ṣẹ́dúù tì í, ìyẹn ìwé tó to orúkọ òṣìṣẹ́ àti iye tí wọ́n yọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó tí kò bá ní ṣẹ́dúù kò ní olówó.

Mo padà sí ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣe sítọ́ọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọkùnrin kan ní ọ́fíìsì akáǹtì ní, “Mọ́mì, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.” Mo padà lọ. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì wà l'Ékòó. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, iná kò sí. Òmíràn, akáǹtáǹtì àtijọ́ ti jápa lọ Kánádà, òun nìkan ló mọ ibi tí fáìlì wà. Ọjọ́bọ̀ mọ́kànlá ni mo kà. Inú mi ń hó yaya.

Àmọ́ èmi kì í ju ìwé nù. Agolo bisikíìtì kan wà nílé mi, gbogbo péésílíìpù mi ló wà níbẹ̀, àyàfi ti 2003 tí eku jẹ. Mo kó ti ọdún márùn-ún náà sórí tábìlì ọmọkùnrin ọ́fíìsì akáǹtì yẹn, ₦800 lóṣooṣù, NHF hàn gbangba lára rẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé ilé mi ni mo ti tẹ èyí?”

“Ẹ má bínú, mà. Mi ò tíì dé ibí nígbà yẹn.”

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti Ọjọ́bọ̀ kìíní ni mo wá ṣe nígbà tó ti pẹ́. Mo wá àwọn tí a jọ fẹ̀yìn tì, a di méje. A kọ lẹ́tà kan, gbogbo wa fọwọ́ sí i, a sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tiwa pé àwọn gbà á. Òǹtẹ̀ yẹn lagbára o! Ẹnì kan lè sọ pé òun ò rí ẹ rí, kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún òǹtẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣẹ́dúù 2010, 2011 àti 2012 jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ti 2013 àti 2014 kò jáde. Bóyá wọ́n san án, bóyá wọ́n jẹ ẹ́, ẹnu mi kọ́ ni ẹ ó ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí owó wọlé ní 2024, ₦163,000 ó lé díẹ̀, mo jó nínú kíṣìnnì. Mo wá jókòó ṣírò owó ọkọ̀, fótókọ́pì àti ìbúra: ₦41,500. Kí n tó yọ ìyẹn pàápàá, owó náà kò tó ìdajì owó ilé ọdún kan. Onílé gbà ká san án lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ náà la ṣì wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ lọ bèèrè iye tó wà lórúkọ yín nísinsìnyí tí ilé iṣẹ́ yín ṣì ń wá ojúure yín. Èmi dúró títí mo fi di “Mọ́mì, ẹ padà wá.”

Ó ku ₦19,200, owó oṣù mẹ́rìnlélógún. Àkọ́bí mi ní kí n fi sílẹ̀, òun á fún mi ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Mo ní kó ṣeun. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀, mo ti ki agolo mi sínú báàgì.