Ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀nà wa sórí máàpù kí a tó gun òkè
Ẹ̀yin ará, kí a tó lọ gun òkè Snowdon ní Wales, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,085, mo dábàá pé kí ẹnì kan nínú wa ṣí gpx.studio (ìkànnì tí a fi ń ya ọ̀nà sórí máàpù) lórí kọ̀ǹpútà, kí ó yan máàpù OpenTopoMap, tó ń fi ìlà sàmì sí gíga ilẹ̀, kí ó sì ya ọ̀nà wa láti abúlé Llanberis ní ẹsẹ̀ òkè náà títí dé ṣóńṣó òkè. Níbi tí àwọn ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn bá ti fún mọ́ra, ibẹ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ti le jù, nítorí náà kí a sinmi kí a tó débẹ̀. Fáìlì GPX (fáìlì tó ní ọ̀nà náà nínú, tí fóònù lè tẹ̀ lé) ni kí ó fi ránṣẹ́ sí wa, kì í ṣe fọ́tò lásán (fóònù kò lè tẹ̀ lé fọ́tò), kí oníkálukú sì ti gba máàpù sórí fóònù rẹ̀ láti ilé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì òkè kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.