Táyà kọ́, sàláńsà ni wọ́n ń ná owó lé: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ mánúà wọn tètè gbéra

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń múra àtiwálé fún Ojúde Ọba, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì máa ń pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bá wá: "Ọ̀gá, mo fẹ́ kó yára dé 100 kìlómítà ní wákàtí." Ọkọ̀ tó dára ni wọ́n ń gbé wá. Àmọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á ti ná owó tán síbi tí kò yẹ, ó sì máa ń dùn mí gan-an.

1. Gígé sàláńsà, ìyẹn ohun tó ń dín ariwo èéfín ọkọ̀ kù. Bí ọkọ̀ yín kò bá ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì), ariwo lẹ ra. Ọ̀pọ̀ àwọn wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà tó ń gé e kì í tilẹ̀ bìkítà fún sẹ́ńsọ̀ tó wà lára páìpù. Wọ́n á bà á jẹ́, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, ọkọ̀ á wá máa jẹ epo lásán. Oní-tọ́bò lè rí àǹfààní díẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá tún brain box rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ṣe.

2. Fítà afẹ́fẹ́ olórí ṣóńṣó tí wọ́n ń so sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì láìbò ó. Ooru ẹ́ńjìnnì ló ń fà símú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, agbára á sì dín kù. Ẹ dá ti ilé-iṣẹ́ padà.

3. Táyà. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnnì bá ní, orí ìwọ̀nba rọ́bà tó kan ilẹ̀ ló ń gbà, ibẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lára táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù á wá lọ ra táyà tòkunbọ̀ nítorí pé ilà rẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Ilà jíjìn kọ́ ló ń di ilẹ̀ mú! Rọ́bà tó ti pẹ́ ti le. Tí ẹ bá tẹ tọ́tù (pẹ́dà epo), á máa yí lójú kan, ọkọ̀ kò ní lọ. Ẹ wo ara táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2314 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Bí ẹ kò bá rí nọ́mbà mẹ́rin náà lápá kan, ẹ wo apá kejì. Àwọn míì tún ní TREADWEAR lára: lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó jẹ́ 500 á pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ àmọ́ ó le, èyí tó jẹ́ 200 á tètè jẹ àmọ́ ó ń di ilẹ̀ mú.

Ọmọkùnrin kan gbé Civic mánúà wá láti Àgọ́-Ìwòyè. Ó ti gé sàláńsà, ó ti ra pọ́ọ̀gì olówó gọbọi, ó tún ní ká tú ẹ́ńjìnnì. Mo ní kó gbéra lójú mi nínú ọgbà. Táyà iwájú ń yí lójú kan ní gíà kìíní, nígbà tó wọ kejì, ó tún yí. Mo wo DOT: 2013! Mo ní a ò ní tú nǹkan kan. Inú bí i, ó ní mi ò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni. Nígbà tó yá, ó lọ ra táyà tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a fún wọn ní atẹ́gùn tí ìwé ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ sọ, kì í ṣe èyí tí fọgánáísà kàn fà sí i. A kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Àkókò tó fi ń dé 100 dín kù ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá lọ. Owó pọ́ọ̀gì àti sàláńsà yẹn ì bá ti ra táyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ríìmù ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ táyà yìí náà. Ó rẹwà lójú Ojúde Ọba, mo gbà. Àmọ́ ó wúwo, ẹ́ńjìnnì ló sì máa kọ́kọ́ yí ìwúwo yẹn kí ọkọ̀ tó lọ.

Spíkà ńlá nínú búùtù: ìwúwo lòun náà, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀.

Map (ètò inú brain box) tí wọ́n ṣe fún epo oní octane 98 nílẹ̀ Yúróòpù: ẹ má fi sí ọkọ̀ tó ń mu epo ilé-epo wa níbí. Ẹ́ńjìnnì á máa dún kan-kan-kan (knock), písítìnnì lè fọ́.

Kílọ́ọ̀ṣì tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà ńkọ́? Ẹ wọ gíà kẹrin ní nǹkan bí 60 kìlómítà ní wákàtí, ẹ tẹ tọ́tù dópin. Bí RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) bá fò sókè tí ìyára ọkọ̀ kò bá a lọ, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ ní kí mẹkáníìkì yẹ síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì wò. Bí ọ́ọ̀lì bá ń jò níbẹ̀, á ba tuntun náà jẹ́.

Ẹ má gbé RPM dé 6,000 kí ẹ wá já ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣáàfù, irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà, ni yóò gbà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 2,500 tàbí 3,000, kí ẹ jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì mú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi tọ́tù kún un. Bí táyà bá yí, ẹ dín RPM kù. Bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kú, ẹ fi díẹ̀ kún un.

Àti gíà pípààrọ̀. Honda S2000 oní lítà méjì, nǹkan bí RPM 6,000 ni VTEC rẹ̀ (ètò fáàfù tó ń fún un lágbára sí i lókè) ń jí, ilà pupa rẹ̀, ìyẹn òpin RPM, sì wà ní 9,000. Ẹni tó ń pààrọ̀ gíà ní 5,000 kò tíì wa ọkọ̀ náà rí. Golf GTI oní-tọ́bò kò rí bẹ́ẹ̀: ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sí ìdí tí ẹ ó fi máa fà á dé òpin nígbà gbogbo. Ẹ má sì fi ipá ti gíà wọlé, síńkírò, òrùka inú gíà tó ń jẹ́ kó wọlé wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe irin tí ẹ lè máa lù.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn àkókò, ẹ má ṣe é lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Bẹ́nì. Tírélà àti ọlọ́kadà ló ń rìn níbẹ̀, ẹ̀mí èèyàn ni. Ẹ wá ibi tó pa rọ́rọ́, tó tẹ́jú, tí wọ́n fún yín láyè níbẹ̀. Ẹ sá a lálọ àti lábọ̀, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ tí ojú kò rí lè tan yín jẹ. Ẹ pa àkókò méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì. Iye yẹn ni kí ẹ gbé wá fún mi.