Bẹ́ ẹ ṣe lè lu ọjà ní gbànjo kẹ́nikẹ́ni má purọ́ owó

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta nǹkan ẹgbẹ́, tó jẹ́ ẹyọ kan péré, táwọn tó fẹ́ ẹ sì pọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa pariwo owó lé ara wọn lórí, ìjà ló máa ń dà. Ká ní àwọn télọ̀ ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba níbí l'Óṣogbo fẹ́ ta máṣíìnì ẹgbẹ́ fún ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ fún oníkálukú ní pépà, kó kọ orúkọ ẹ̀ àti iye tí máṣíìnì yẹn tó lójú ẹ̀, kó ká a, kó jù ú sínú ike, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yọjú wo tẹnìkejì o. Ìgbà tó bá pé ni kẹ́ ẹ tú u lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó kọ owó tó ga jù ló ni ín, àmọ́ owó tẹ́ni tó tẹ̀ lé e kọ ló máa san.

Mo mọ̀ pé akápò máa ní owó ẹgbẹ́ ń lọ nìyẹn. Rárá o. Ká ní ₦90,000 ni máṣíìnì yẹn tó lójú Ìyá Ìbejì, ẹni tó tẹ̀ lé e kọ ₦75,000. Tí Ìyá Ìbejì bá kọ ₦90,000, ₦75,000 ló máa san, tó bá kọ ₦80,000, ₦75,000 náà ni. Tó bá dọ́gbọ́n kọ ₦70,000, máṣíìnì ti bọ́ nìyẹn, èrè ₦15,000 sì bá a lọ. Tó bá wá ṣe fáàrí kọ ₦120,000, kẹ́nìkan lọ kọ ₦100,000, á san ₦10,000 ju ohun tó tó lójú ẹ̀ lọ. Kò sí ohun táwọn yòókù lè kọ tó máa mú kí irọ́ ṣe é láǹfààní ju òótọ́ lọ, ohun tó wù mí jù nípa ẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ owó tóníkálukú kọ ló máa san ni, gbogbo wọn ni ì bá bù ú kù, kí wọ́n máa méfò ara wọn.

William Vickrey, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ló kọ ọ̀nà yìí síta ní 1961, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 1996.

Tó bá jẹ́ máṣíìnì méjì tó rí bákan náà, tẹ́nikẹ́ni ò sì fẹ́ ju ọ̀kan lọ, owó tẹ́nì kẹta kọ ni káwọn méjì tówó wọn ga jù san. Ẹ má gba owó ẹnì kejì lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ wá gba tẹnì kẹta lọ́wọ́ ẹnì kejì, irọ́ á tún wọlé, torí bí Google ṣe ń ta àyè ìpolówó nígbà kan nìyẹn, àwọn tó ń ṣèwádìí sì fi hàn pé òótọ́ kọ́ ló máa ń pé èèyàn níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ kéde iye tó kéré jù tẹ́ ẹ máa gbà kẹ́nikẹ́ni tó kọ pépà, torí táwọn méjì bá dìmọ̀ pọ̀, ọ̀kan á kọ owó gidi, èkejì á kọ ₦5,000, ₦5,000 péré lẹni àkọ́kọ́ á sì san. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kọjá iye yẹn, iye yẹn ló máa san. Kẹ́ni tó ń tú pépà má sì rí àyè fi tiẹ̀ kún un: ẹ ka pépà bí wọ́n ṣe ń jù ú sínú ike, kẹ́ ẹ tún un kà kẹ́ ẹ tó tú u.