Gàrí ife mẹ́jọ, búlọ́ọ̀kù márùn-ún

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀sì ọ̀nà ìṣèwádìí lé mi lọ́wọ́, síláìdì kan ni mo bá nínú fáìlì. Ẹni tó kọ́ ọ ṣáájú mi lò ó, ẹni tó ṣáájú òun náà sì ti lò ó. Ojú ìwé kìíní: "Kí ni ìwádìí?" Ojú ìwé kejì: oríkì ìwádìí mẹ́rin. Mo kà á fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n há a sórí, wọ́n sì dà á padà fún mi nínú ìdánwò. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn kan náà wá bá mi fún projẹ́ẹ̀tì, mo bi ọ̀kan nínú wọn pé, "Kí lo fẹ́ mọ̀?" Ó ní, "Mà, ipa eérú èèpo ìrẹsì lórí agbára kọnkéré." Mo ní àkọlé nìyẹn, kí lo fẹ́ mọ̀? Ó tún àkọlé náà kà fún mi. Ó kàn rọra kà á ni lọ́tẹ̀ yìí.

Kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ àwọn ọmọ yìí. Ọmọ 400 level ni wọ́n, ilé, ọ̀nà àti afárá ni wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ẹ fún wọn ní òpó àti ẹrù tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ tó yíjú padà wọ́n ti ṣírò rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti mọ̀ pé ìdáhùn wà lẹ́yìn ìwé. Ìṣirò tí kò ní ìdáhùn lẹ́yìn ìwé, wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Ni mo bá gbé síláìdì náà tì ní sáà tó kọjá, mo sì ra gàrí lọ sí kíláàsì.

Irú gàrí méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú, èyí tí wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kan dáadáa kí wọ́n tó yan án. Ìkejì, oríta lẹ́bàá ilé mi ni mo ti rà á, ìyá tó tà á fún mi sì búra pé tòun náà kan. Asẹ́ kan náà ni mo fi jọ méjèèjì, kí kíkúnná má bàa tú àṣírí. Mo wá béèrè pé ta ló lè fi ẹnu lásán mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọwọ́ ń lọ sókè lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọbìnrin kan ló le jù. Ó ní wọ́n tọ́ òun dàgbà lórí gàrí Ìjẹ̀bú, pé tí wọ́n bá jí òun lójú oorun òun á mọ̀ ọ́n. Mo ní kó bọ́ síwájú.

Ife mẹ́jọ, mẹ́rin mẹ́rin, ọmọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. A fi ìborùn di ọmọ náà lójú. A kọ nọ́ńbà sórí bébà, a kó o sínú fìlà ọmọkùnrin kan, a sì ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó máa kàn. Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n yìí. Ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan sọ lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní pé òun lè fi ẹnu mọ̀ bóyá mílíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ dà sínú ife tàbí tíì. Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò kan, ló wà níbẹ̀, ó sì fi ife mẹ́jọ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé tó gbé jáde ní 1935. Mo kàn fi gàrí rọ́pò tíì ni.

Ọmọ wa mú mẹ́fà nínú mẹ́jọ: ọ̀kan ṣìnà nínú mẹ́rin tó pè ní Ìjẹ̀bú, ọ̀kan sì ṣìnà nínú mẹ́rin yòókù. Ariwo gba kíláàsì, wọ́n ń pa àtẹ́wọ́, àwọn kan ti ń pè é ní ìyá aláṣẹ gàrí. Mo ní ẹ dákẹ́ ná, ẹ bá mi ka nǹkan kan. Ọ̀nà mélòó ni èèyàn lè gbà ṣa ife mẹ́rin nínú mẹ́jọ? Wọ́n ṣe é lórí ẹ̀rọ ìṣirò: 70. Nínú 70 yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló gba gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà 16 ló máa fún èèyàn ní mẹ́ta tó tọ̀nà, ọ̀kan tó ṣìnà, bíi tirẹ̀. Ó di 17 nínú 70. Ẹni tí kò mọ gàrí rí láyé, tó kàn ń méfò, bí mẹ́rin irú rẹ̀ bá jókòó síbẹ̀, a lè retí kí nǹkan bí ọ̀kan nínú wọn ṣe tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ariwo bá rọlẹ̀.

Ibi tí mo rò pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí sí nìyẹn. Ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀, tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wá na ọwọ́. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìgbà kan náà la da omi sí i?" Mo wo àwọn méjì tó bá mi po gàrí. Wọ́n wo ara wọn. Àwọn mẹ́rin ti Ìjẹ̀bú ni wọ́n kọ́kọ́ da omi sí, kí wọ́n tó wá ṣí ọ̀rá kejì. Nígbà tí ọmọ náà fi máa tọ́ ọ wò, ti Ìjẹ̀bú ti wú, èkejì ṣì ń ta kóró lẹ́nu. Bóyá kì í ṣe kíkan ló fi mọ èyí tó mọ̀, wíwú ni. Ẹ gbà mí gbọ́, òógùn bò mí. Èmi olùkọ́ ọ̀nà ìṣèwádìí! Ọ̀rọ̀ ìwé wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, síláìdì àtijọ́ sì lo ojú ewé mẹ́ta lé e lórí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí sáà fi parí, orúkọ tí kíláàsì fi ń pè é ni "gàrí ti wú." Bí ẹnikẹ́ni bá gbé iṣẹ́ wá síwájú, wọ́n á bi í pé: níbo ni gàrí ti lè wú níbí?

Ti kíka iṣẹ́ àwọn tó ti ṣe é ṣáájú, mi ò pẹ́ níbẹ̀. Mo ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ìwé mẹ́ta lórí agbára búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n sì sọ ohun kan ṣoṣo fún mi: búlọ́ọ̀kù mélòó ni wọ́n fọ́? Àwọn ìwé kan ò tiẹ̀ sọ iye. Ìyẹn tó wọn láti ronú lé.

Oko ìwádìí fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn géètì. Àwọn ẹlẹ́búlọ́ọ̀kù pọ̀ lójú títì yẹn bí ẹni pé wọ́n gbìn wọ́n. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kó lọ béèrè pé búlọ́ọ̀kù onínáìnì mélòó ni àpò sìmẹ́ǹtì kan ń bí. Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé mo ní kí àwọn kan sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn, mo sì ní kí àwọn mìíràn sọ pé ẹ̀gbọ́n àwọn ló fẹ́ kọ́lé. Ọ̀gá kan náà sọ 30 fún "ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ kọ́lé." Ó sọ 40 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó tún fi kún un pé "ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ ò mọ bí ọjà ṣe rí." Nígbà tí ọ̀gá lọ kírun, ọmọ tó ń fi ṣọ́bìrì po yẹ̀pẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó di ọwọ́ ẹni tó bá ń pò ó." Nínú gbogbo ìdáhùn tí wọ́n kó wálé, tirẹ̀ ni mo gbàgbọ́ jù. Mo ní kí wọ́n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tàbí ti ilé iṣẹ́ kankan sílẹ̀, lẹ́tà A dé F ti tó. Ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí kọ́ọ̀sì mi.

Wọ́n wá ra búlọ́ọ̀kù márùn-ún márùn-ún. Mo ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á bá wọn ṣà á, pé kí wọ́n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà mú un bí a ṣe mú ti gàrí. Ẹgbẹ́ méjì ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù mú èyí tó sún mọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹgbẹ́ kan ò bèèrè ọjọ́ tí wọ́n mọ ọ́n, a ò sì mọ̀ títí dòní bóyá ó ti pé ọjọ́ 28 tí wọ́n máa ń fún sìmẹ́ǹtì láti le kí wọ́n tó dán an wò.

Ní láàbù, ìṣirò náà ò le. Búlọ́ọ̀kù onínáìnì gùn ní 450 mm, ó fẹ̀ ní 225 mm, ojú rẹ̀ sì jẹ́ 101,250 mm². Ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fọ́, ẹ fi ojú rẹ̀ pín ẹrù tó fọ́ ọ. Ti ẹgbẹ́ kan jáde báyìí: 1.1, 1.6, 0.9, 1.4, 1.5 N/mm². Wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n pín in sí márùn-ún, wọ́n fi yangàn kọ "agbára búlọ́ọ̀kù jẹ́ 1.3." Mo bi wọ́n pé, èwo nínú márààrún ló jẹ́ 1.3? Kò sí. Ibẹ̀ ni mo ti mú ìtàn William Gosset wọlé. Ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń dán wò kì í pọ̀, bíi ti búlọ́ọ̀kù wa. Ọ̀nà tó gbà yanjú ẹ̀ ló tẹ̀ jáde ní 1908, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́, "Student" ló pe ara rẹ̀, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́. Inú wọn dùn sí ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ. A fi ọ̀nà rẹ̀ ṣe é, ó sì fi hàn pé ohun tí búlọ́ọ̀kù márùn-ún yẹn lè jẹ́ ká sọ kò ju pé ìpíndọ́gba agbára búlọ́ọ̀kù inú ìlà náà wà níbì kan láàrin 0.9 sí 1.7. Ọ̀kan nínú wọn kùn pé, "Mà, ìyẹn fẹ̀ jù." Bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ̀.

Ẹgbẹ́ D ló wá dá mi lágara. 2.5, 2.6, 2.5, 2.5, 2.6. Ó mọ́ gaara bí aṣọ ọjọ́ Àìkú. Mo ní kí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí ní láàbù wá. Ti àwọn ẹgbẹ́ yòókù, sìmẹ́ǹtì ti yí i, wọ́n ti fagi lé nǹkan, ojú ewé kan ti gba omi. Ti ẹgbẹ́ D, bírò kan náà, kò sí eruku. Mo bojú wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mo sì rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ò ní dísù, ọ̀gá láàbù ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́wàá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Tiwọn ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Mi ò pariwo. Mo bi wọ́n ní ìdí. Wọ́n ní àwọn ti ka NIS 87, ìyẹn ìwé ìlànà Nàìjíríà fún búlọ́ọ̀kù, àwọn sì rí i pé tàwọn máa kéré, àwọn rò pé tó bá kéré èmi náà á fún àwọn ní máàkì kékeré. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń gbèjà projẹ́ẹ̀tì, ẹ ó gbọ́ ọ: "Kí ló dé tí èsì rẹ rí báyìí?" Ọmọ tí èsì rẹ̀ dọ́gba, a kì í bi í ní nǹkan kan. Èmi alára, ní ọdún tí mo ṣe tèmi, àmì kan wà lórí gíráàfù mi tó yà kúrò lọ́nà. Mo fi rọ́bà pa á rẹ́. Mo sọ ìyẹn fún wọn, mo sì ní kí wọ́n lọ ra búlọ́ọ̀kù mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Èsì mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀: 0.8, 1.3, 1.2, 1.0. Níbi ìkarùn-ún, wọ́n kọ ọ́ sí i pé: "Ó fọ́ nínú kẹ̀kẹ́ ní gbágungbàgun tó wà níwájú géètì. A kò wọ̀n ọ́n."