Ẹ fẹ́ wó ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ tún un kọ́? Bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú àwọn Ẹni Mímọ́ yín rèé

Ẹ̀yin ará pááríìṣì Kátólíìkì tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ wíwó ṣọ́ọ̀ṣì, pàápàá àwa tá a wà n'Íléṣà níbí, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tí kọmití ìkọ́lé kì í rántí sọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ síméǹtì, wọ́n á sọ̀rọ̀ irin, wọ́n á jà lórí páànù, ọjọ́ tí katapílà bá dé ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó máa gbé ère Jósẹ́fù Mímọ́ jáde. Kò dáa bẹ́ẹ̀ o.

Ìwé ló ṣáájú. Òfin Ìjọ nọ́ńbà 1215 ní wọn ò gbọ́dọ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù fọwọ́ sí i nínú ìwé, torí náà kí fadá ti kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù l'Òṣogbo kẹ́nikẹ́ni tó fi òòlù kan ògiri. Bẹ́ ẹ bá ń retí èsì, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ère, ago Mísà, agogo, àwòrán Ọ̀nà Àgbélébùú mẹ́rìnlá, ẹ ya fọ́tò wọn níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì bi àwọn ìyá àgbà léèrè torí àwọn ló mọ ẹni tó ra ère wo àti ìdí tó fi rà á. Ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ fadá, ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ kátíkíìsì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù ni pẹpẹ. Ọ̀pọ̀ pẹpẹ ayé àwọn fadá òyìnbó ní òkúta pẹlẹbẹ kan láàárín, ẹ ká aṣọ pẹpẹ kúrò kẹ́ ẹ fọwọ́ pa á, ẹ máa kan àgbélébùú kéékèèké márùn-ún tí wọ́n gbẹ́ sí i, ọ̀kan láàárín, mẹ́rin tó kù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ihò kékeré kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n dí pa, inú ibẹ̀ ni rélíìkì wà, ìyẹn ẹ̀rún egungun àwọn ẹni mímọ́, pàápàá àwọn ajẹ́rìíkú. Lójú bíríkìlà, táìsì ni. Á fọ́ ọ, wọ́n á kó o pọ̀ mọ́ àwókù, wọ́n á fi dí kòtò ojú títì, ó parí. Torí náà kí fadá fúnra ẹ̀ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́, kó fi aṣọ funfun wé e, kó tì í mọ́ inú àpótí. Tí ìwé bá wà tó ń jẹ́rìí sí rélíìkì náà, tí èdìdì wà lára ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pínyà láéláé, torí ìlànà yíya ṣọ́ọ̀ṣì sí mímọ́ sọ pé ó sàn kí pẹpẹ tuntun má ní rélíìkì rárá ju kí wọ́n fi èyí tí kò dájú sábẹ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, abẹ́ pẹpẹ ni wọ́n ń fi sí, kì í ṣe orí ẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ká tà á ká fi ra síméǹtì, ẹ fi òfin 1190 hàn án, èèwọ̀ pátápátá ni títa rélíìkì.

Ère ńkọ́? Ìdí ni kẹ́ ẹ ti gbá a mú, ẹ má fà á lọ́wọ́, ọwọ́ ère POP kì í pẹ́ kán. Aṣọ ìbora ni kẹ́ ẹ fi wé e, kì í ṣe bébà ìròyìn, íńkì á lẹ̀ mọ́ ọn lójú tí ibẹ̀ bá rin. Ti onígi, ẹ gbé e ga kúrò nílẹ̀ nítorí ìkán. Èyí tó bá ti fọ́ kọjá àtúnṣe, ẹ sin ín tàbí kẹ́ ẹ sun ún, ẹ má gbé e dà sí ààtàn.

Tí ẹ bá ní ilẹ̀kùn tàbí òpó tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún kápẹ́ńtà. Ní 1947 àwọn fadá SMA, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì fún Áfíríkà, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ l'Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ibẹ̀ ni George Bandele ti gbẹ́gi, ibẹ̀ náà ni Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, Mùsùlùmí ni Fakeye o, òun ló padà wá ń kọ́ni ní yunifásítì n'Ífẹ̀ níbí. Irú igi bẹ́ẹ̀, àtìkitẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó wá àyè fún un nínú ilé tuntun.

Ní ti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kó jáde, èmi ò rí èyí tó dà bíi November 1, Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, òjò náà á ti máa kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ṣe Mísà ìkẹyìn, kẹ́ ẹ kọ Lítánì Àwọn Ẹni Mímọ́, àdúrà tá a fi ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ ẹ ṣe ń tò jáde, Sákrámẹ́ńtì Mímọ́, ìyẹn Ara Kírísítì, lọ́wọ́ fadá, ère lẹ́yìn, títí dé họ́ọ̀lù tẹ́ ẹ máa lò. Àwọn kan máa dúró lójú títì máa wí pé wọ́n ń gbé òrìṣà wọn kiri, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ máa kọrin yín lọ. Àwọn ọmọdé lè múra bí ẹni mímọ́, kó má sì jẹ́ òyìnbó nìkan jàre, Josephine Bakhita ọmọ Sudan wà ńbẹ̀, Charles Lwanga àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Uganda wà ńbẹ̀, àwọn 22 tí Póòpù Paul VI kéde ní ẹni mímọ́ ní 1964. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ti àwọn òkú, ẹ lọ síbi ibojì tó wà nínú ọgbà, kẹ́ ẹ ri èèkàn yí wọn ká kí katapílà tó wọlé.

Bẹ́ ẹ bá wà ní họ́ọ̀lù, ẹ má jẹ́ kí ọdún ẹni mímọ́ yín di ọjọ́ láńṣìn. Ẹ ṣe nófẹ́nà yín, àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ gúnyán yín, kí láńṣìn ní ọjọ́ tiẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣèlérí owó, ẹ rọra rán an létí, ẹ má lọ ṣe òṣómàáló lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìfilélẹ̀ òkúta ìpìlẹ̀, ẹ ri àgbélébùú onígi kan mọ́ ibi tí pẹpẹ tuntun máa wà gan-an. Ẹ sì tètè fẹnu kò lórí orúkọ olówó tó máa wà lára ògiri, bó ṣe máa tóbi tó àti ibi tó máa wà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú mínítì, torí tí ilé bá dé páànù tán, kò sẹ́ni tó máa lè sọ fún wọn mọ́ pé orúkọ wọn ò gbọ́dọ̀ tóbi ju ti ẹni mímọ́ tó ni ṣọ́ọ̀ṣì lọ.