Bí a ṣe ń ṣírò ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá ní Ìbàdàn kí a tó kàn án létí òkun

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń yàwòrán ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá, irú èyí tí àwọn olówó ń gbé kiri ojú òkun, kò ní láti kúrò ní Ìbàdàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni pé a kò lè kan ọkọ̀ náà níbí, nítorí ọkọ̀ tí ó gùn ní 50 mítà, tí ó sì fẹ̀ ní 9 mítà, kò ṣeé gbé gba títì Ìbàdàn sí Èkó. Etí omi ni wọ́n ti ń kàn án. Ṣùgbọ́n kí irin àkọ́kọ́ tó kan irin, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ti wà lórí ìwé àti lórí kọ̀ǹpútà, èyí sì ṣeé ṣe láti Bódìjà tàbí láti Mọ́kọ́lá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ni ìwúwo. Àga, mábù, ẹ́ńjìnnì, epo, gbogbo rẹ̀ ni omi ń wọ̀n, omi kì í sì í gba àwáwí.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tí ó ni owó. Ẹ bi í léèrè iye àlejò tí yóò máa sùn nínú ọkọ̀, bí yóò ti rìn jìnnà tó kí ó tó ra epo mìíràn, àti bí ó ti fẹ́ kí ó yára tó, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ni yóò pinnu òfin tí ó de ọkọ̀ náà. Bí èrò inú ọkọ̀ bá ju 12 lọ nínú ìrìn àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, òfin àgbáyé kà á sí ọkọ̀ akérò, ìnáwó rẹ̀ yóò sì ga gan-an. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá fi ń gba àlejò 12 péré. Ààlà mìíràn nínú òfin ni 500 gross tonnage, èyí tí kì í ṣe ìwúwo rárá, bí kò ṣe òǹkà àyè inú ọkọ̀. Ẹ yan ilé iṣẹ́ tí yóò máa yẹ àwòrán àti iṣẹ́ yín wò pẹ̀lú, bíi Lloyd's Register tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1760.

Ní báyìí, ẹ mú bírò. Níbi tí omi ti kan ọkọ̀ wa lára, ẹ jẹ́ kí ó gùn ní 45 mítà, kí ó fẹ̀ ní 9 mítà, kí ó sì wọ inú omi ní 2.6 mítà. Bí ó bá jẹ́ àpótí ni, omi tí yóò lé kúrò láyè rẹ̀ ì bá jẹ́ 1,053 kúbíìkì mítà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe àpótí: iwájú rẹ̀ ṣóńṣó, abẹ́ rẹ̀ sì ń rọra gòkè bí ó ti ń lọ sẹ́yìn, nítorí náà ẹ mú ìdajì, èyí tí í ṣe 526.5. Kúbíìkì mítà kan omi òkun wúwo tó 1.025 tọ́ọ̀nù, ohun tí ó bá sì léfòó gbọ́dọ̀ lé omi tí ó wúwo tó òun fúnra rẹ̀ kúrò, gẹ́gẹ́ bí Archimedes ti kọ́ wa. Gbogbo ọkọ̀ yín, pẹ̀lú epo, omi mímu, òṣìṣẹ́, àlejò àti ẹrù wọn, ní láti jẹ́ nǹkan bí 540 tọ́ọ̀nù.

Láti ọjọ́ náà ni kí ẹ ti ṣí ìwé ìwúwo. Ẹ kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan sí i, ẹ kọ bí ó ti wúwo tó, kí ẹ sì kọ bí ó ti ga tó láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Gíga yìí ni àwọn ọmọṣẹ́ máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ń pinnu bóyá ọkọ̀ yóò dúró ṣinṣin. Ká ní olówó sọ pé mábù Ìgbẹ́tì, ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, ni òun fẹ́ sí ilẹ̀ àwọn yàrá òkè. Mábù tí ó nípọn ní sẹ̀ntímítà 2 wúwo tó 54 kílò ní mítà onígun mẹ́rin kan, 100 mítà onígun mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 5.4 tọ́ọ̀nù. Nínú ọkọ̀ tiwa yìí, nǹkan bí 3 tọ́ọ̀nù ni ó ń tì í rì ní sẹ̀ntímítà 1, nítorí náà rírì yẹn kò tó ohun tí à ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ yàrá náà bá fi 5 mítà ga ju àárín ìwúwo ọkọ̀ lọ, àárín ìwúwo náà yóò gòkè ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà 5, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí kì í torí bẹ́ẹ̀ já olówó kulẹ̀. Wọ́n máa ń la mábù náà pẹlẹbẹ títí yóò fi ku mílímítà díẹ̀, wọn á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó alumíníọ̀mù tí inú rẹ̀ rí bí afárá oyin.

Ní ti eré sísá, omi fúnra rẹ̀ ti pa ààlà. Ọkọ̀ tí ó wúwo ń dá ìgbì sílẹ̀ bí ó ti ń lọ, bí ó bá sì ṣe ń yára sí i ni ìgbì náà ń gùn sí i, títí ìgbì kan ṣoṣo yóò fi gùn tó ọkọ̀, tí ọkọ̀ yóò wá máa pọ́n òkè tí òun fúnra rẹ̀ mọ. Láti mọ ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà tí ó bá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò fún yín ní 45, èyí tí í ṣe 6.7, kí ẹ sì fi 2.43 sọ ọ́ di púpọ̀: ó jẹ́ nǹkan bí 16.3 nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì kan sì jẹ́ 1.852 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ fara mọ́ 14. Azzam, ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan tí ilé iṣẹ́ Lürssen kàn ní Jámánì tí ó sì parí ní 2013, gùn ní 180 mítà, ó sì ń sá ju 30 nọ́ọ̀tì lọ, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin tó nǹkan bí 94,000 ni ó wà lẹ́yìn eré náà.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ṣíṣe àwòkọ́ kékeré, ìlú wa sì ní gbogbo ohun tí ẹ nílò fún un. Ẹ pín ohun gbogbo sí ọ̀nà 50: gígùn ojú omi yóò di sẹ̀ntímítà 90, fífẹ̀ yóò di 18, ìjìnlẹ̀ yóò di 5.2. Ẹ lọ sí ìsọ̀ pákó ní Bódìjà, kí ẹ ra arẹ̀rẹ̀ tí ó gbẹ dáadáa, nítorí ó fúyẹ́, kò sì le lábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹ là á sí pẹlẹbẹ tí ó nípọn ní sẹ̀ntímítà 1, kí ẹ gé pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ojú omi ṣe gé àwòrán yín ní gíga rẹ̀, kí ẹ gbẹ́ àárín rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù tò wọ́n léra wọn. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi ìfági bọ́ àwọn ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ara rẹ̀ kúrò, ẹ fi sáńpépà dán an, kí ẹ sì kùn ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mẹta kí omi má baà wọ̀ ọ́. Adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n sé odò Ọ̀nà láti fi ṣe, kì í ṣe omi iyọ̀, ó sì fúyẹ́ ju omi òkun lọ. Nítorí náà, ẹ to irin sínú rẹ̀ títí àpapọ̀ ìwúwo rẹ̀ yóò fi jẹ́ 4.2 kílò, ní gíga tí ìwé ìwúwo yín sọ.

Ẹ dán ìdúróṣinṣin rẹ̀ wò nínú agbada omi tí kò mì. Ẹ so òwú tí ó ní òkúta kékeré nídìí rọ̀ sórí òpó àárín ọkọ̀, kí ó gùn ní sẹ̀ntímítà 30. Lẹ́yìn náà, ẹ mú 100 gíráàmù lára ìwúwo inú rẹ̀, kí ẹ sún un láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní sẹ̀ntímítà 6. Bí òkúta náà bá yà kúrò láyè rẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 2.1, ẹ pín 2.1 sí ọ̀nà 30, yóò jẹ́ 0.07. Ẹ sọ 0.1 di púpọ̀ ní 6, ẹ sọ 4.2 di púpọ̀ ní 0.07, kí ẹ wá fi èkejì pín àkọ́kọ́: ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 2, èyí tí í ṣe 1 mítà nínú ọkọ̀ gidi. Ìwọ̀n yìí, tí ó ń fi bí ọkọ̀ ṣe dúró ṣinṣin tó hàn, ni àwọn ayàwòrán ọkọ̀ ń pè ní GM, òfin ìdúróṣinṣin ti IMO, àjọ àgbáyé tí ó ń mójú tó ọkọ̀ ojú omi, kò sì gbà kí ó dín sí sẹ̀ntímítà 15. Ẹ má ṣe rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni ó ti dára tó: ọkọ̀ tí GM rẹ̀ pọ̀ jù máa ń fa ara rẹ̀ padà pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì, yóò sì máa gbé àlejò ṣubú lórí bẹ́ẹ̀dì.

William Froude, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ṣe adágún ìfadánwò ní Torquay ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1870, ni ó fi hàn bí a ṣe ń fa àwòkọ́ kí ìgbì rẹ̀ lè jọ ti ọkọ̀ gidi. Fún 14 nọ́ọ̀tì, àwòkọ́ yín yóò lọ ní nǹkan bí 1 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gún igi méjì sétí Ẹlẹ́yẹlé, kí àárín wọn jẹ́ 10 mítà, kí ẹ fi òwú fà á kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹnìkan sì máa ya fídíò ìgbì iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó, ẹ má ṣe dá nìkan lọ.

Bí àwòrán bá ti yege, iṣẹ́ di ti àwọn wẹ́dà. Irin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ara ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀, alumíníọ̀mù sì ni ilé orí rẹ̀, nítorí alumíníọ̀mù kò wúwo ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta irin lọ. Àwọn méjèèjì kò ṣeé jó pọ̀ bí a ti ń jó irin mọ́ irin, iyọ̀ òkun yóò sì jẹ alumíníọ̀mù níbi tí wọ́n bá ti fara kanra. Ọ̀já kan tí wọ́n fi ìbúgbàù lẹ àwọn méjèèjì pọ̀ ni wọ́n ń lò láàárín, wọn á jó irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, wọn á jó alumíníọ̀mù mọ́ èkejì. Ẹ rí i pé ẹ́ńjìnnì wọlé kí wọ́n tó bo àjà lé e lórí, kí ó sì jókòó lórí rọ́bà, bákan náà ni jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí ó bá ti sùn sítòsí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ pín táńkì epo pẹ̀lú. Epo tí kò kún táńkì máa ń ṣàn sí ibi tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí, bí ó ti ń ṣe tírélà agbépo ní kọ́nà ojú títì Èkó. Bí ẹ bá fi ògiri kan tí ó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn là á sí méjì, ìpalára rẹ̀ yóò dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Iṣẹ́ ọ̀dà yóò yé àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà wa, àfi pé ara ọkọ̀ náà gùn púpọ̀: wọn á fi ìpara tí ń dí kòtò bo gbogbo rẹ̀, wọn á fi pátákó gígùn tí ó ní sáńpépà nídìí ha á títí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní wọ́ lára rẹ̀, kí ọ̀dà tó kàn. Ìpara yìí náà wúwo, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti bọ́ sómi tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹ tún dán an wò bí ẹ ti dán àwòkọ́ wò nínú agbada, pẹ̀lú ìwúwo oní tọ́ọ̀nù àti òwú gígùn, ní àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ẹ fi GM tí ẹ bá rí wé ti ìwé yín, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde lọ dán eré rẹ̀ àti bí ó ṣe ń dúró wò lójú òkun. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìdúróṣinṣin tí yóò máa wà lọ́wọ́ ọ̀gá atukọ̀, kí ẹ sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ iye epo tí kò gbọdọ̀ tán nínú àwọn táńkì ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀.